Ìtọ̀ Ṣúgà àti Ìṣubú Àgbà: Ohun Tí Mi Ò Béèrè Lọ́wọ́ Ifá

  Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí wọ́n tún ń pè ní àtọ̀gbẹ, nítorí ó ti pọ̀ láàárín wa. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ débi tó fi sú wa. Ìṣubú ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn bí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe máa ń ṣubú nínú ilé ara rẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe kó má baà ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jẹ́ ẹni ọdún 74. Ó ti tó ọdún 14 tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan, ó jí ní ìdájí, ó bọ́jú, ó lo oògùn òyìnbó rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó, ó wá wọ yàrá òrìṣà lọ láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Ó kúnlẹ̀, ó ń wúre. Ẹ mọ ìwúre Ìyá Àgbà, kì í tètè tán. Gbogbo ọmọ ilé ló máa ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà ní London. Nígbà tó máa dìde, ó na ọwọ́ sí ògiri, ọwọ́ kò ba ògiri, ó ṣubú gbì. Ìyàwó àbúrò wa tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ìró, òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Eegun ìbàdí Ìyá ti ṣẹ́.

Kò tíì tó wákàtí kan tí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀ ayé. Wọ́n ní ta ló wà nítòsí? Wọ́n ní ìyàwó yẹn ni. Wọ́n ní ṣebí òun àti Ìyá ló ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí owó ẹran lọ́sẹ̀ tó kọjá? Àwọn àgbà méjì wá bá mi pé kí n gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, kí n wo ẹni tó ti Ìyá. Mo gbé e.

Ohun tí Ifá sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí èmi ò béèrè. Mi ò béèrè bóyá Ìyá ti jẹun. Mi ò béèrè irú oògùn tó lò. Mi ò béèrè nípa àgbo ejìnrìn tí èmi fúnra mi sè fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, pé kó máa mu ife kan láràárọ̀. Awo tó bá gbé ìbéèrè tí kò tọ́ lọ síwájú Ifá, kó má dá Ifá lẹ́bi.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, òun ló bá wọn dé ọsibítù. Nígbà tó padà dé nírọ̀lẹ́, kò tíì kúnlẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún Ìyá Àgbà mu?" Mo ní àgbo ni. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n wọn ṣúgà wọn lọ́hùn-ún, 46 ni wọ́n bá." Mo ní ṣebí ohun tí a ń wá náà nìyẹn, kí ṣúgà wálẹ̀. Ọmọ náà wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ó ti wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó ti ọmọ yìí, tí mò ń bi í ní ìbéèrè bí ọmọ awo ṣe ń bi olúwo rẹ̀. Bó ṣe yé mi ni mo ń kọ yìí.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dà bí epo inú fìtílà. Tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, á máa ba nǹkan jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú, kíndìnrín, ẹsẹ̀, ó lè gba ọdún mélòó kan kí ènìyàn tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kéré jù, iná á kú lójijì. Tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà bá gbé nọ́ńbà tí kò tó 70 jáde, ó ti kéré jù nìyẹn. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ẹni náà, ọkàn á máa lù kìkì, ebi á máa pa á, ojú á ṣú, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí yó. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ló kù. Àwọn àgbà mìíràn kì í tilẹ̀ rí àmì kankan kó tó di pé wọ́n bára wọn nílẹ̀, pàápàá àwọn tí àìsàn náà ti pẹ́ lára wọn.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe irú èyí. Metformin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, bó bá jẹ́ òun nìkan, kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ débi ewu. Àwọn tó yẹ ká fojú sí ni glibenclamide, glimepiride àti abẹ́rẹ́ insulin. Àwọn wọ̀nyí kì í béèrè bóyá o ti jẹun. Tí wọ́n bá ti wọnú, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Glibenclamide tún máa ń pẹ́ lára, àgàgà lára àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára bíi tàtijọ́. Òun gan-an ni Ìyá Àgbà ń lò. Ó lò ó láìjẹun, ó tún gbé àgbo ejìnrìn tèmi lé e, bẹ́ẹ̀ ejìnrìn náà lè fa ṣúgà wálẹ̀. Méjèèjì wá pàdé nínú ikùn tó ṣófo.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé àgbo kò dára. Láti kékeré ni mo ti ń já ewé, ewé sì ń jẹ́. Torí pé ó ń jẹ́ gan-an ló ṣe yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ewé kò lágbára nìkan ló lè sọ pé kò sí ewu nínú kí a dà á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó. Àwa tí a mọ agbára ewé kò yẹ ká máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé, ẹnikẹ́ni tó bá wá gba àgbo ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ mi, mo máa ní kó kọ́kọ́ kó oògùn tó ń lò jáde kí n rí i. Tí mo bá rí glibenclamide, glimepiride tàbí insulin níbẹ̀, mi ò ní fún un. Mo máa ní kó lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó padà wá. Àwọn kan ti bínú kúrò lọ́dọ̀ mi nítorí èyí, wọ́n ti lọ gbà á níbòmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà náà ní ẹjọ́ tiwọn: tí wọ́n bá ti gbọ́ àgbo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, aláìsàn á wá máa fi í pamọ́. Ẹ má fi í pamọ́. Ẹ jẹ́ kó pariwo, kó ṣáà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ìdájí wá kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jẹun kí a tó bọ Ifá ní òwúrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo irú oògùn tí mo dárúkọ yẹn, èmi gẹ́gẹ́ bí Babaláwo, mo ní kó jẹun kó tó lo oògùn. Tí ìbọ bá máa pẹ́, kó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kó tó wọlé. Tó bá pọndandan kó gbààwẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni kó ti bi dókítà bí yóò ṣe lo oògùn lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì rí Òrìṣà tó ní kí arúgbó ṣubú níwájú òun. Bákan náà ni ọtí. Ẹ mọ̀ pé jíìnì kì í wọ́n níbi ìbọ. Ọtí líle nínú ikùn òfìfo máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá nílò rẹ̀. Kí àgbà onítọ̀ ṣúgà fi ètè kàn án, kó gbé e fún ọmọdé tó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Èmi náà ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún 6 nìyí. Mi ò sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ kan, ọmọ mi mú okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó dà bí èyí tí wọ́n fi ń pẹja. Wọ́n ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé ó máa tẹ̀ kọrọdọ nígbà tí agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá tó gíráàmù 10. Ó ní kí n dijú, kí n máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbàkigbà tí mo bá mọ̀ ọ́n lára. Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi níbi 10. Mo sọ "bẹ́ẹ̀ ni" ní ìgbà 7. Mo bi í pé ṣé ó ti ṣetán ni tó fi dákẹ́? Ó ní, "Bàbá, ó ti tó ìgbà 3 tí mo ti fọwọ́ kàn yín tẹ́ ẹ ò mọ̀." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Ṣé ẹ rí i, ṣúgà tó bá ti pọ̀ lára fún ọdún pípẹ́ máa ń ba àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹsẹ̀ á wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ fún ọ pé ilẹ̀ ga tàbí pé ó lọ sílẹ̀, pé ó tutù tàbí pé ó ń yọ̀. Àwọn kan ní ńṣe ló dà bíi pé àwọn ń rìn lórí òwú. Lọ́sàn-án, ojú á máa bá ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí wọ́n sì mú iná lọ, ojú àti ẹsẹ̀ á jọ fọ́ pọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ṣubú lóru tàbí ní ìdájí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ yín wò báyìí ní ọsibítù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì yẹ inú ojú yín wò pẹ̀lú, torí ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀. Ẹni tó ti ń lo metformin fún ọdún púpọ̀, kó béèrè fún àyẹ̀wò fítámì B12. Oògùn náà lè dín in kù lára, àìtó rẹ̀ sì máa ń pa kún ìdákú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ sọ oògùn nù o, ẹ kàn béèrè ni.

Àwa tí à ń bọ́ bàtà kí a tó wọ yàrá òrìṣà, tí à ń wọ igbó Ifá láìwọ bàtà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nílé tèmi, mo ra bàtà aláwọ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, tó sì ní okùn lẹ́yìn. Mi ò wọ̀ ọ́ jáde rí. Yàrá òrìṣà nìkan ló wà fún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àbùkù ni mo fi ń kan Ifá. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ wá ká fi okùn yẹn kàn án. Kò tíì gbé e wá di òní. Ẹ má sì rò pé ìbọ̀sẹ̀ ti tó dípò bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ lásán lórí táìlì, bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn lórí ilá ni. Sálúbàtà tí kò ní okùn lẹ́yìn kò dára fún ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára, torí ó lè bọ́ lẹ́sẹ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má mọ̀.

Ohun kẹta ni ìdìde. Nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ ṣàn lọ sí ẹsẹ̀. Nínú ara tó le, iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ á padà sókè sí orí. Àmọ́ nínú ara tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá fínra, àwọn iṣan tó ń ṣiṣẹ́ yìí lè ti rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sísàlẹ̀, òòyì á kọ́ni. Ní ọsibítù, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí ìjókòó, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá dìde. Tí nọ́ńbà ti òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3, ẹ ti wà lára àwọn tí mò ń bá wí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè mú kó burú sí i. Oògùn oorun náà ń kó ìṣubú bá àgbà, ẹ má máa rà á ní kẹ́mísí bí ẹni ra bisikíìtì.

Àwa wá jẹ́ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń kúnlẹ̀, tó ń forí balẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò ní sọ pé ká fi í sílẹ̀. Bí a ṣe ń dìde ni ká tún ṣe. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, kó kọ́kọ́ padà sórí eékún, kó sinmi díẹ̀. Kó fa àpótí tàbí àga tó wúwo mọ́ra, kó gbé ọwọ́ lé e. Kó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ná, kó tó gbé èkejì. Tó bá ti dúró tán, kó má tíì ṣí ẹsẹ̀, kó ka ení, èjì títí dé ogún. Nígbà tó bá jí lórí ibùsùn náà, kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó dìde. Àgbà tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún kò ní lé yín. Tó bá sì jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ti le jù, ẹ jókòó sórí àga wúre. Ìyá Àgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, ìwúre rẹ̀ tilẹ̀ ti gùn sí i.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo mú ọmọ mi, a rìn yí ilé ká láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ojú tì mí. Èṣù wa wà lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe yẹ kó wà. Láti ọdún gbọ́nrangandan la ti ń da epo pupa sí i lórí, epo náà ti ṣàn dé orí sìmẹ́ńtì ibi tí gbogbo èrò ilé ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n, á fò ó kọjá. Arúgbó tí kò mọ ilẹ̀ lára ńkọ́? A kò gbé Èṣù kúrò o, ta ni á gbé e? A fi bíríkì yí i ká kí epo má ṣàn kọjá, a sì ń bu iyanrìn sẹ́yìn bíríkì náà. Ewúrẹ́ ìrúbọ tí à ń so mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn rẹ̀ gba àárín ọ̀nà kọjá. A gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti máa ń hù lára sìmẹ́ńtì lásìkò òjò, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ẹní tí etí rẹ̀ ti ká, a kó o nílẹ̀. Igbá, àwo, ọ̀pọ́n, agogo, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ yàrá òrìṣà la to sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú balùwẹ̀, ibi tí ọṣẹ dúdú ti ń yọ̀ ju ibòmíràn lọ, a ní kí wẹ́dà kan irin mọ́ ògiri kí ènìyàn rí nǹkan dì mú, a sì gbé àga oníke kan síbẹ̀ kí Ìyá lè jókòó wẹ̀. Owó irin yẹn kò tó owó àkùkọ kan.

Ti òru ló le jù. Tí ṣúgà bá pọ̀ lára, ènìyàn á máa tọ̀ ṣáá, ìgbà 3, ìgbà 4 lóru, bẹ́ẹ̀ ilé ìtọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ ra póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan á ní ọmọ kékeré ni wọ́n ń gbé póò fún. Èmi ń lò ó. Ẹ tún ra iná kékeré tó ń fi oòrùn gba agbára, kó máa tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo òru, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè kàn án láìdìde. Tí ìtọ̀ òru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ lọ wọn ṣúgà.

Àwọn ọmọ wa ní ìlú òkèèrè máa ń pè pé kí Ìyá má ṣe rìn mọ́, kó jókòó sójú kan kó má baà ṣubú. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ẹsẹ̀ tí kò rìn á rọ, ẹsẹ̀ tó rọ ni yóò ṣubú. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká jókòó lórí àga tó le, ká dìde láìfi ọwọ́ tì í, ká tún jókòó, ìgbà 10, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó fi ọwọ́ tì í ná. Ká di ògiri mú, ká gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ká ka 10, ká gbé èkejì. Ká máa fi gìgísẹ̀ àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí kò ju ijó tí à ń jó fún Ifá lọ. Àwọn tó bá fẹ́ lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògún, ẹ rántí pé àsìkò òjò ni, ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò lè máa yọ̀, èrò á sì máa ti ara wọn. Kí àgbà onítọ̀ ṣúgà ní ọmọ kan lápá ọ̀tún, kó mú ọ̀pá dání, kí ṣúgà onígun 4 tàbí 5 wà nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀pá yìí, àwọn bàbá ló máa ń tijú rẹ̀ jù. Wọ́n á ní àwọn kò tíì di arúgbó. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé Awo ló mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ọ̀sùn Babaláwo dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ìdúró ló gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀sùn tí kò ní ẹ̀mí, à ń ṣọ́ ọ kó má ṣubú. Ẹni tó ni ín wá ń ta gìẹ̀gìẹ̀ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmú nǹkan dání.

Tí ènìyàn bá wá ṣubú ńkọ́? Ẹ má fà á dìde lójijì. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń dáhùn. Tí ẹ̀rọ bá wà nílé, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀. Tí kò bá sí, tó ń gbọ̀n tó sì ń làágùn, ẹ ṣe bíi pé ó ti lọ sílẹ̀: ẹ fún un ní ṣúgà onígun 4, tàbí ìdajì ìgò mínírà kan, kì í ṣe irú èyí tí kò ní ṣúgà nínú o. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ti padà sípò, ẹ fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dákú tàbí tí kò lè gbé mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹni tó bá lo glibenclamide, bó tilẹ̀ ti jí, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, torí ṣúgà náà lè tún lọ sílẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sí i. Ẹ gbé e lọ.

Tí ìbàdí bá ń dùn ún tí kò lè gbé ẹsẹ̀ náà, tàbí tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, eegun ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n tún apá mi tò nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìbàdí àgbà, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń fẹ́, tí ó bá sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, egbò ẹ̀yìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró á darapọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, kódà bí kò bá dùn ún, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí ìṣubú náà kò bá sì dá nǹkan kan sílẹ̀, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ìyá Àgbà ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nídìí kànga ní oṣù méjì ṣáájú. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Mo padà sórí ìyàwó wa. Nígbà tí ọmọ mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi tán, ó ti tó ọjọ́ 9 tí ìyàwó yẹn ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ènìyàn 684,000 tó ń kú lọ́dọọdún lágbàáyé nítorí ìṣubú, àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyàwó ilé ta ni ó ti gbogbo ìyẹn? Mo pe àwọn àgbà méjèèjì, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo sè àgbo náà, pé bí a bá ń wá ẹni tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n wo iwájú wọn. Ara wọn kò gbà á. Ọ̀kan ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ síta, pé ó máa ba orúkọ Awo jẹ́. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ti wá rí i pé mo ti kọ ọ́ báyìí.

Èmi àti àbúrò mi lọ sílé àwọn àna wa. Mo bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́," ṣùgbọ́n kò bá wa padà lọ́jọ́ náà. Ó lo oṣù méjì gbáko kó tó dé. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó ń fi férémù onírin rìn, ló fi fóònù pè é. Mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Òun ló ń bu iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà Èṣù láràárọ̀ báyìí, òun náà ló ń wọn ṣúgà Ìyá kí Ìyá tó lo oògùn. Dókítà ti yí oògùn náà padà, kì í ṣe glibenclamide mọ́.

Ní ìpàdé ìdílé tó ń bọ̀, ọmọ mi máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà àti okùn ẹsẹ̀ yẹn wá. Kí gbogbo ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá kan wá, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ nílé wá, kì í ṣe bàtà òde. Àgbo tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nílé.